Ẹ Fún Ọmọ IT Ní Ohun Tí Yóò Máa Ṣọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ gbogbo, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ yín ni mo jẹ́, àbúrò ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú yín, èmi náà sì ní ẹgbẹ́ tí mò ń san owó aṣọ rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má rò pé àlejò kan ló dúró síta tó ń pariwo mọ́ yín. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní cybersecurity, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí òpópónà Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi ni ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo, báńkì microfinance kan tàbí méjì, àti àwọn ọ̀gá tí wọ́n ti gba Facebook mọ́ lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin, tí n kò kọ ọ́ sí ìjọba, ni pé ẹ̀yin lẹ ni ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá tò lọ́jọ́ Ojúde Ọba, láti orí Gbọ́baníyì dé Bọ́bakẹ́yẹ títí dé ẹgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú òwò tí ẹnìkan nínú yín kò ní lọ́wọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí wọ ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ṣágámù. Ẹ̀yin náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ń gbé lẹ́tà wá bá lọ́dọọdún pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí màá ti ṣe IT ni mò ń wá." IT yìí, ìyẹn Industrial Training, ni ìkọ́ṣẹ́ ọmọ ilé ìwé níbi iṣẹ́. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti gbé ètò yìí kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SIWES, kí ọmọ tó bá ti kàwé lè fojú rí iṣẹ́ kí ó tó gboyè. Oṣù mẹ́fà ni fún ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́rin ni fún ọmọ poli tó ń ṣe ND. Ẹ̀yin ń gbà wọ́n. Ọlọ́run á san án fún yín. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà wọ́n tán ni ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ọ́fíìsì kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí náà ni mo ti ṣe IT tèmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ti dàgbà, ó sì ṣe dáadáa sí mi ní ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ka lẹ́tà mi, ó gbójú sókè, ó ní, "Computer Science. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà aganyin?" Mo mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹni tó ń ta ẹ̀wà, mo mọ ẹni tó ń ta búrẹ́dì tó bá a lọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ jí, mo sì mọ fọ́tókọ́pì ṣe débi pé mo lè fi etí gbọ́ ọ nígbà tí ìwé bá fẹ́ há. Yàrá tí server wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń lò pọ̀, títì ni wọ́n ń tì í pa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wọ ibẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n padà sílé ìwé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ logbook, ìwé tí ọmọ IT ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, ti ọ̀sẹ̀ 24 láàárín òru kan. Mò ń pààrọ̀ bírò, dúdú lónìí, búlúù lọ́la, kí ó lè dà bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́. "Network troubleshooting." "System maintenance." Ìgbà tí kò sí ohun tí n óò kọ mọ́, mo tún kọ "System maintenance" sí i. Ọ̀gá buwọ́ lù ú láìṣí ojú ewé kejì. "A" ni wọ́n fún mi.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníbàárà kan pè mí láago méje àárọ̀ pé gbogbo fáìlì inú kọ̀ǹpútà òun ti yí orúkọ padà, wọ́n sì kọ lẹ́tà sójú rẹ̀ pé kí òun wá san owó ìtúsílẹ̀. Mo débẹ̀, mo dúró, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ ń bá. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo tún tan án, mo tún pa á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ohun tí kò yẹ kí n ṣe gan-an nìyẹn: okùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ yọ, kí n má fọwọ́ kan ìyókù, torí ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rántí ń pòórá bí wọ́n bá ti pa á. Wọn ò gba fáìlì yẹn padà. Mo gba A lórí logbook, ẹlòmíràn ló san owó ẹ̀kọ́ mi.

Mi ò sọ pé kí ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ o. Ta ni kò jíṣẹ́ rí nínú wa? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn Gáréèjì, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì ló ń fi epo fọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì inú ẹ́ńjìnnì ni. Nígbà tó bá fi máa fọ̀ ọ́ tán, ó ti mọ èyí tó tóbi, ó mọ èyí tó ti jẹrà, ó mọ èyí tí kì í pẹ́ já. Inú iṣẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an wà. Ẹ̀wà aganyin kò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo printer, fún àpẹẹrẹ, torí mo mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀wà, òun ni iṣẹ́ tí ẹ máa ń gbé fún ọmọ IT jù. "Printer yìí ò ṣiṣẹ́, ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà, wá wò ó." Àwọn ọmọ náà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú u, wọ́n á ní hacker làwọn fẹ́ máa lé. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Bangladesh fún wọn. Ní February 2016, printer kan tó máa ń tẹ ìwé owó tó bá jáde kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwà rẹ̀ ni, ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olè ló ti wọ inú kọ̀ǹpútà wọn tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, torí pé lóru tó ṣáájú, wọ́n ti fi orúkọ báńkì náà ránṣẹ́ sí báńkì tó ń tọ́jú owó wọn ní New York pé kí wọ́n san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Mílíọ̀nù 81 dọ́là ló dé ilẹ̀ Philippines kí ojú tó là. Mílíọ̀nù 20 tí wọ́n darí sí Sri Lanka padà sílé torí pé olè náà ṣi ọ̀rọ̀ kọ: ó fẹ́ kọ "foundation", ó kọ "fandation". Nítorí náà, ẹ rán ọmọ sí printer. Kí ẹ sì bi í léèrè nígbà tó bá dé pé kí ló dé tí kò fi ṣiṣẹ́, kí ẹ má gba "mo ti tan án padà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Ọmọbìnrin kan wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, mo gbé log ilé ìwòsàn kan fún un. Log ni ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kọ fúnra rẹ̀: ta ló wọlé, ìgbà wo ló wọlé, ta ló kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Lórí Windows, nọ́ńbà 4624 ni pé ẹnìkan wọlé. 4625 ni pé ó gbìyànjú, ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo ti yọ orúkọ àwọn aláìsàn àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ wọn kúrò, torí òfin ààbò dátà ti 2023 kò fi irú ẹ̀ ṣeré, àtipé kò tiẹ̀ yẹ kí ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì mọ ẹni tó ní jẹ̀díjẹ̀dí nílùú. Mo sọ fún un pé, "Má wá olè kankan. Kàn sọ fún mi bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ó la ìwé, ó ń kọ aago sí i. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ reception2?"

Mo ní nọ́ọ̀sì ni, tàbí ẹni tó ń kọ káàdì.

"Ṣé nọ́ọ̀sì náà lè ṣi páswọ́ọ̀dù kọ ní ìgbà tó lé ní 300 lóru ọjọ́ kan? Láàárín aago kan sí aago mẹ́rin?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rí ìlà wọ̀nyẹn lóṣù tó ṣáájú. Mo ní, àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ ni, oorun ló ń kùn wọ́n. Ojú mi ti mọ́ log ilé ìwòsàn yẹn lára débi tí mi ò rí i mọ́. A lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Kò sí ohun tó ń jẹ́ reception2 nílé yẹn rí. Ẹni tó bá wọn to nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣí port 3389, ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń ti òkèèrè lo kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ sí gbogbo ayé kí ó lè máa ti Èkó bá wọn ṣiṣẹ́, iṣẹ́ parí, ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rọ kan níbìkan láyé ti rí ilẹ̀kùn náà, ó wá ń dán orúkọ wò: admin, doctor, reception, reception1, reception2. Kò tíì wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi tì í.

Gbogbo yín lẹ mọ Erédò Súngbọ́ tó gba Òkè-Ẹrí kọjá. Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ yìí ká, ibòmíràn jìn tó mítà 20, ọwọ́ ènìyàn sì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀ Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ tún fi oníbodè sójú ọ̀nà, torí kòtò kì í béèrè pé "ta nìyẹn?" Ilé ìwòsàn yẹn ra firewall, odi ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lówó gọbọi. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó ń béèrè. Ọmọ ọdún 21 tó ń wọ ọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè wá lójoojúmọ́ ló di oníbodè wọn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ti rò ó pé kí ló jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rin yẹn kọ́ ọ ju ọdún kan nínú kíláàsì lọ. Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti wà, kí ọmọ lọ máa ṣeré ìdánrawò lórí TryHackMe, kí ó gba ìwé ẹ̀rí. Òótọ́ ni, ó dára, èmi náà ń fi wọ́n síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdánrawò wọ̀nyẹn, ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ti mọ ìdáhùn, ọmọ náà sì mọ̀ pé olè wà nínú ilé kí ó tó wọlé. Nílé ìwòsàn yẹn, èmi gan-an tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀. Ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ oorun nọ́ọ̀sì. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ọkùnrin kan wà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, Clifford Stoll. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni, ní ilé ìwádìí kan ní Berkeley, Amẹ́ríkà. Owó iṣẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tán ní 1986, wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, níbi tó ti jẹ́ ọmọ tuntun bí ọmọ IT gẹ́lẹ́. Nígbà náà, wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń san owó iná. Wọ́n ní kó wá wo ìdí tí ìṣirò fi yàtọ̀ ní sẹ́ńtì 75. Sẹ́ńtì 75! Ọ̀gá tó ti pẹ́ níbẹ̀ á ti fi owó ara rẹ̀ dí i. Òun lọ ń wo ó. Ó rí i pé ẹnìkan ló lo kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láìsanwó. Ó kó printer àti terminal àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó so wọ́n mọ́ okùn tó ń wọlé, ó sùn sílẹ̀ tì wọ́n, kí wọ́n máa tẹ gbogbo ohun tí àlejò náà bá ń kọ. Ó tọ ipasẹ̀ náà fún oṣù tó pọ̀ títí ó fi já sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Hannover, ní Jámánì, tó ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tà fún KGB, àjọ amí Soviet. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni ẹni tó gbé sẹ́ńtì 75 fún un. Ohun kékeré ni, gidi ni, ó sì fi ọmọ tuntun náà sílẹ̀ kí ó lé e.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣe àṣìṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ọmọ IT, ọmọkùnrin kan ni, orí rẹ̀ pé bí idà. Òtẹ́ẹ̀lì kan pè mí lórí fóònù pé kí n wá wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn. Mo ní ó dáa. Mo sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ Sátidé pé, "Lọ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, kí a tó lọ ní Mọ́ńdè." Gbólóhùn kan, kò sí ìwé, kò sí "bẹ̀rẹ̀ níbí, dúró níbí". Ó jókòó sí gbàgede wọn, ó mu malt, ó tan Nmap. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Nmap ni irinṣẹ́ tí a fi ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ṣí. Ó ní kó kan gbogbo wọn, kó sì béèrè lọ́wọ́ èyí tó bá ṣí pé ta ni ọ́. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀, tí n kò sì sọ fún un, ni pé ọ̀pọ̀ printer kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè àti ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀; ohun tó bá gbà ní port 9100, yóò tẹ̀ ẹ́. Ìgbéyàwó wà ní òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́jọ́ yẹn. Printer rísíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Yorùbá tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ń gùn, ó ń ká sílẹ̀, àwọn àlejò dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́, obìnrin tó wà níbi owó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, máníjà ti dé ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Ọmọ náà jẹ̀bi díẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi jù. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n tún ṣàtúnṣe sí ní 2024, ní ẹ̀wọ̀n nínú, adájọ́ kò sì ní rí "ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n wò ó" bí ìwé àṣẹ. A bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá kan nínú yín ló bá wa dá sí i, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dòní. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kankan kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà oníbàárà lọ́dọ̀ mi láìsí ìwé. Ojú ewé kan ni. Ó sọ èyí tí a lè wò àti èyí tí a kò gbọdọ̀ wò, ọjọ́ àti aago, irinṣẹ́ tí a máa lò, àti nọ́ńbà ẹni tí a máa pè bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹni tó ni ibi iṣẹ́ á buwọ́ lù ú, èmi náà á buwọ́ lù ú, ọmọ náà á kà á sókè kí òun náà tó buwọ́ lù ú. Mo rí i pé kíkà á sókè yẹn ló ń kọ́ wọn jù. Ọmọ tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "n kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ibi owó" ti bẹ̀rẹ̀ sí í di òṣìṣẹ́ ààbò.

Èyí ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín, torí mẹ́ta nínú yín ti sọ ọ́ sí mi létí: "Ọmọ tí ẹ bá kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń jalè, ṣé kò ní di Yahoo?" Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Gbogbo wa la mọ ilé tí ọmọ ti ra mọ́tò tí bàbá kò mọ ibi tó ti rówó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, irinṣẹ́ tí mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún 15 lè gbà á sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àgbàlagbà tó máa ní, "Dúró ná, ta ló fún ọ láṣẹ?" Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà fọ́tókọ́pì fún oṣù mẹ́fà, ó ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n ń wa mọ́tò kọjá.

Ó ku ohun kan tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó kì í sábà fún ọmọ IT, tí àwa ní níbí lọ́pọ̀ yanturu: àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹta IT wọn, mo máa ń mú àwọn ọmọ mi lọ sí ọjà Òkè-Ajé kí wọ́n lọ ṣàlàyé OTP fún àwọn ìyá tó ń tajà. Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé iwájú ìyá kan tó ń ta gàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa authentication. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé jíjẹ ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ: nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, tó fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbowó, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Hẹn-ẹ́n. Àrokò ni. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló ń tú u." Ó wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ta ẹ̀lùbọ́, tí wọ́n ti lù ní jìbìtì lẹ́ẹ̀kan rí: "Ṣé o gbọ́? Àrokò rẹ lo kà fún olè!"

Ọmọ yẹn kọ ọ̀rọ̀ náà sí logbook rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tó kọ ìwé fún dókítà tó ni ilé ìwòsàn, ojú ewé kan, kò sí "authentication" níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé yín ṣí sílẹ̀ láti oṣù wo, ẹnìkan ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lóru, a ti tì í, ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí rèé. Dókítà kà á tán lórí ìdúró, ó ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ti kọ ìròyìn ojú ewé 20 fún àwọn ọ̀gá kan rí tí wọ́n fi ń bo ife tíì.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú yín wá ibi iṣẹ́ kan, kan ṣoṣo, láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó máa gba ọmọ IT kan fún iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí, kó má jẹ́ fún ẹ̀wà. Kí ẹ fún un ní ohun kan láti máa ṣọ́: log server yín, tàbí àkọsílẹ̀ ẹni tó ń lo WiFi yín, tàbí kí ó máa dán an wò lọ́ṣooṣù bóyá backup yín, ẹ̀dà fáìlì tí ẹ fi pamọ́, ṣeé gbà padà lóòótọ́. Ẹ ó yà á lẹ́nu bí backup tí ẹ ń náwó lé lórí ṣe máa ń ṣófo. Ẹ fún un ní àyè ìwọlé tó fi lè wo nǹkan lásán, tí kò lè fi pa nǹkan rẹ́. Ẹ fún un ní ìwé àṣẹ. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀, mo ti kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹnìkan máa jókòó tì í ní wákàtí kan lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gbọ́ ohun tó rí àti ohun tí kò yé e. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ yín, ẹ rán an sí mi, ọjọ́ Jímọ̀ mi ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́rin. Ẹ sì fún un lówó ọkọ̀. Èyí kéré lójú yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láàárín, kì í ṣe torí pé iṣẹ́ le, owó láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá síbí ló tán lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó bá fẹ́ kó dáa sí i, kí wọ́n wá kọ̀ǹpútà àlòkù méjì tí a kò ní so mọ́ èyíkéyìí nínú kọ̀ǹpútà iṣẹ́ yín, kí ọmọ náà máa fọ́ wọn kó máa tún wọn to. Inú irú àwọn yìí ló ti yẹ kí ọmọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn ti kọ́kọ́ rí ohun tí Nmap ń ṣe sí printer. Iná NEPA kì í jẹ́ kí ó rọrùn, mo mọ̀. Bátìrì àti inverter kékeré á gbé méjì.

Nǹkan tó máa bọ́ sápò yín níbẹ̀ kò kéré. Òfin 2023 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 72 péré ni ẹ ní láti sọ fún àjọ ààbò dátà bí dátà àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè fi pa wọ́n lára. Láti ìgbà tí ẹ bá mọ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń ka log, ọlọ́pàá tàbí oníbàárà tó ń sunkún lẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n gbé tábìlì kan sí abẹ́ kánọ́pì wa lọ́jọ́ kẹta Iléyá tó ń bọ̀, kí n tó wọ aṣọ tán pàápàá, pẹ̀lú ìwé kan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ, kó kọ orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn méjì wà tí wọn kò lè dúró di Iléyá. Ilé ìwé wọn ti fún wọn ní lẹ́tà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀kan ń gbé ní Ṣágámù. Ìkejì, Ìjẹ̀bú-Igbó ni, nítorí náà bí ibi iṣẹ́ yín bá wà lọ́nà Igbó, tí yóò wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ránṣẹ́ pè mí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni, ọmọ yín, àbúrò yín,
Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀bá Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òde